Make, do, take, have: báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó ń bá èwo rìn nínú Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ_Ìlárá:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbé wá, ẹ má bínú pé àárín Yorùbá ni mo gbé e wá sí, àmọ́ tí n bá lọ bèèrè ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ò yé mi ni wọ́n á tún fi ṣàlàyé ohun tí ò yé mi. Àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní Àkúrẹ́, ó fẹ́ ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kó lè ríbi lọ sí UK. Ọmọ yẹn mọ̀wé, ọ̀rọ̀ ńláńlá wà lẹ́nu ẹ̀ dáadáa, àwọn kéékèèké tó máa ń so mọ́ra wọn yìí ló ń dà á láàmú. Kí ló dé tó jẹ́ "make a mistake" àmọ́ tó jẹ́ "do homework"? Kí ló dé tí òjò fi jẹ́ "heavy" tí afẹ́fẹ́ wá jẹ́ "strong"? Ó ń bi mí, iṣẹ́ iná lèmi ń ṣe ní tèmi, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ṣé òfin kan wà téèyàn lè dì mú ni àbí kó kàn máa há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá máa dáhùn, ẹ fi sínú gbólóhùn fún wa, ẹ má kàn to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbuurugbu. Àti pé "write an exam" tí gbogbo wa ń sọ, ẹnì kan ní kò dáa, ṣé òótọ́ ni?

Tísà_Òkè_Àdó:

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ sì kú ìtọ́jú àbúrò. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama n'Íbàdàn níbí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi kí àwọn tó kù tó dé.

Òfin tó máa gbà yín tán pátápátá, kò sí. Collocation làwọn onímọ̀ èdè ń pè é, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni èdè ti ń sọ pọ̀ látayébáyé, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan níbẹ̀ gírámà ẹ̀ lè pé, ìtumọ̀ ẹ̀ sì lè yé wọn, àmọ́ etí wọn ò ní gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, J. R. Firth, òun ló sọ ní 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń kó la fi ń mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Àwọn bàbá wa tó ní àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́ ò gba owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ẹ̀ ṣá.

Kí àbúrò yín má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe irú wèrè yìí. Tiwa ńkọ́? Okùn ń já, igi ń ṣẹ́, àwo ń fọ́. "Break" ni òyìnbó ń lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ń fọ aṣọ, a ń bọ́jú, a ń wẹ̀, "wash" ni tiwọn. Tí òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá bá sọ fún yín pé igi já lẹ́yìnkùlé òun, ẹ máa mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa yín. Ta ló wá kọ́ ẹ̀yin lófin pé igi kì í já? Inú gbólóhùn lẹ ti ń gbọ́ ọ látìgbà tẹ́ ẹ ti wà lọ́mọdé.

Ó dáa, make àti do. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé "make" sábà máa ń wà níbi tí nǹkan tí ò sí tẹ́lẹ̀ ti jáde wá: make a noise, make a list, make a promise, make a decision, make an appointment. "Do" wà fún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ téèyàn fẹ́ parí: do the dishes, do your homework, do a course, do business. "I made a list before I went to the market." "He did the dishes while I did the laundry." Ó máa gbé yín dé ibì kan, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara lé e, torí "make the bed" ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ni bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ti wà níbẹ̀ látàná, wọ́n á sì tún ní ìjì "did a lot of damage", ibàjẹ́ tí ò sí tẹ́lẹ̀ kẹ̀!

Ohun tí mo rò pé ó dáa jù ni kó yéé bẹ̀rẹ̀ láti orí make àti do rárá. Orúkọ nǹkan ni kó dì mú, kó wá máa bèèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ẹ mú "promise". Wọ́n ń "make" ẹ̀, wọ́n ń "keep" ẹ̀, wọ́n ń "break" ẹ̀. "She made a promise to her mother and she kept it." "He has broken every promise he made." Ọ̀rọ̀ kan, ìṣe mẹ́ta, gbogbo ìgbésí ayé ìlérí ti pé síbẹ̀. Ẹ mú "decision": make a decision, reach a decision, come to a decision, reverse a decision. "The committee reached a decision on Friday, but the chairman reversed it." Tó bá kọ́ ọ báyìí, kò ní máa fi orí ara ẹ̀ ronú pé èwo ni make èwo ni do, ọ̀rọ̀ náà á fúnra ẹ̀ fa èkejì ẹ̀ wá.

Ibi tí ewu wà jù fún wa ni ibi tí Yorùbá bá ti ní ìṣe kan tó ń ṣiṣẹ́ kiri: ṣe, gbọ́, gbà, wọ̀, lò. A ń gbọ́ òórùn, la bá ní "I'm hearing a smell". Àwọn máa ní "I can smell gas in the kitchen". A ń wọ bọ́ọ̀sì, la bá ń "enter bus". "She took the bus to work", "He got on the bus at Challenge", bó ṣe máa lọ nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ ṣàkíyèsí pé a ń pa irọ́ àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ "kill a lie", torí "tell a lie" ti dé etí wa kí a tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí tó bá ti tètè wọlé kì í yọ wá lẹ́nu.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Manchester:

Tísà ẹ ṣeun gan-an ni. Ọmọ_Ìlárá, ẹ bá mi kí àbúrò yín, ẹ ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀pọ̀ wa la gba ọ̀nà yẹn.

Mo fẹ́ mú un lọ sí wọ́ọ̀dù tààrà torí ibẹ̀ ló ń lọ. Àkọ́kọ́ ni oògùn. Nílé, a ń lo oògùn, torí náà "use drugs" ló máa ń jáde lẹ́nu wa, "have you used your drugs?" Níbí o, ẹni tó bá ní "I use drugs" ti jẹ́wọ́ igbó tàbí kokéènì nìyẹn, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Are you taking any medication at the moment?" lèèyàn ń bi aláìsàn. "Take one tablet twice a day with food." Abẹ́rẹ́ náà, a ń gba abẹ́rẹ́, àmọ́ wọn kì í "collect" ẹ̀, aláìsàn "has an injection", nọ́ọ̀sì "gives" ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, "take blood" ni UK, àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn "draw blood". Egbò, a ń "dress" ẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì a "change the dressing".

Ìrora wá pọ̀ lóríṣiríṣi, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó jókòó sí dáadáa. Èyí tó ń gún èèyàn bí ẹni fi ọ̀bẹ gún un, "sharp pain" nìyẹn: "I get a sharp pain in my chest when I breathe in." Èyí tó kàn wà níbẹ̀ tí ń jẹ èèyàn díẹ̀díẹ̀ tí kò lọ, "a dull ache". Tó bá le, "severe pain", tí kò bá le, "mild". Yorùbá sọ pé ó ń ta mí, ó ń gún mi, ó ń jẹ mí, ó ń ro mí, ẹ wá wò ó, tiwa gan-an pọ̀ ju tiwọn lọ, àmọ́ tèèyàn bá ti dé inú Gẹ̀ẹ́sì "it's paining me" nìkan la máa ń kó gbogbo ẹ̀ lé lórí. Tí ara ọmọ bá gbóná, "high temperature", kì í ṣe "hot temperature": "He's been running a temperature since last night." Ikọ́ lè jẹ́ "dry cough" tàbí "chesty cough". Ọ̀fìnkìn tó mú èèyàn gidi, "a heavy cold". Ìtọ̀, "pass urine". Ìgbẹ́ wá ni, "Have you opened your bowels today?" Ọ̀nà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń bi àgbàlagbà nìyẹn níbí, kó má lọ rò pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń bèèrè.

Àti nítorí ìdánwò ọ̀hún: bí wọ́n ṣe ń máàkì ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ nínú IELTS, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò, ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn ni Lexical Resource, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀, níbẹ̀ ni collocation wà. NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní UK, ń gba 6.5 nínú ìwé kíkọ, 7 nínú àwọn mẹ́ta tó kù, ìyẹn kíkà, gbígbọ́ àti sísọ. Torí náà kì í ṣe fàájì là ń ṣe níbí.

Ọmọ_Mushin_Pàrà:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ìyà tó ń jẹ wá lórí Gẹ̀ẹ́sì yìí ti pọ̀ jù. Ta ló ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an? Bàbá mi ń sọ ọ́, ìyá mi ń sọ ọ́, wọ́n fi ń dá ẹjọ́ ní kóòtù wa, wọ́n fi ń ka ìròyìn, kí ló dé tí ẹnì kan á wá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kó ní "snap a picture" mi kò dáa tó "take a picture" tiẹ̀? Nígbà tó di January 2020 Oxford English Dictionary fúnra wọn kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọlé, danfo wà níbẹ̀, okada wà níbẹ̀, "rub minds" wà níbẹ̀, "eat money" náà wà níbẹ̀. Jẹ owó! Ìṣe wa jẹ ti wọnú dikiṣọ́nárì òyìnbó, ẹ̀yin wá ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó pa á tì. "Write exam" ńkọ́? Ẹ lọ bi àwọn ará Kánádà, wọ́n ń sọ ọ́.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Manchester:

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó bá ẹ jà. "Put to bed" náà wà nínú àwọn tí wọ́n kó wọlé lọ́dún yẹn, mo mọ̀, mo sì ń fi í kí àwọn ìyàwó àbúrò mi tí wọ́n bá bímọ. Àmọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì ará Wales tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ pé "Mrs So-and-so put to bed at 3 a.m." Ohun tó máa gbọ́ ni pé obìnrin náà tẹ́ ọmọ kan sùn laago mẹ́ta òru. Ó máa wá ní ta ni ọmọ ọ̀hún? Aboyún tó ti bí, kò ní mọ̀ pé ó ti bí, jàre. "She gave birth at 3 a.m.", ọ̀rọ̀ tán.

Tísà_Òkè_Àdó:

Ọmọ Mushin ti bá mi dáhùn èyí tí mo gbàgbé. "Write an exam" kì í ṣe àṣìṣe Nàìjíríà nìkan, Kánádà ń sọ ọ́, South Africa ń sọ ọ́, Íńdíà náà ń sọ ọ́. Ní UK wọ́n á ní "sit an exam" tàbí "take an exam": "She's sitting her exams in June." Tó bá yege, "pass", tí kò bá yege, "fail", tó bá fẹ́ tún un ṣe, "resit". Bákan náà, "take a decision" tí àwọn kan ń sọ pé kò dáa, àwọn ará Britain ń sọ ọ́ dáadáa, ará Amẹ́ríkà ló máa kọtí sí i. Èyí tí mi ò lè bá ẹ gbè ni "on the light" àti "off the fan". Mo mọ̀ pé gbogbo Ìbàdàn ló ń sọ ọ́, èmi gan-an ń gbọ́ ọ nílé mi lójoojúmọ́, àmọ́ tí ọmọ bá kọ ọ́ sínú WAEC wọn ò ní fún un ní máàkì. "Turn off the fan before you leave." Ó tán.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣun:

Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín o, torí mo rí i pé make àti do lẹ dì mú gírígírí, ibi tó dùn jù ni ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń so nǹkan pọ̀ láti fi agbára sí i: òkùnkùn biribiri, ó sùn fọnfọn, ó gbẹ táútáú, ìhòòhò goloto. Tẹ́nì kan bá ní ọmọ òun sùn goloto, ilé á dàrú. Goloto ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn láyé àfi ìhòòhò. Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ náà, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Òkùnkùn biribiri ni "pitch dark": "The light went off and the whole street was pitch dark." Ìhòòhò goloto ni "stark naked", ẹ ò sì ní rí "stark" kó máa tẹ̀ lé aṣọ tàbí bàtà lọ síbì kankan. Ó gbẹ táútáú, "bone dry": "By February the well was bone dry." Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, "I'm dead tired". Ó sùn fọnfọn, "fast asleep": "The twins were fast asleep by eight." "Fast" yẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú eré sísá o, ó ti pẹ́ tí "fast" ti ń túmọ̀ sí kí nǹkan dúró gírígírí, ìyẹn ló fi wà nínú "hold fast" náà. Tí ojú ẹni wá là sílẹ̀ tí oorun ò kun èèyàn rárá, "wide awake". Kò sẹ́ni tó ń sọ "fast awake", kò sẹ́ni tó ń sọ "wide asleep".

Oúnjẹ tó bàjẹ́ náà, mo ń ta oúnjẹ torí náà mo mọ ìyẹn dáadáa. Ọbẹ̀ ń kan, ẹran ń rà, búrẹ́dì ń bu, ẹyin ń di ọ̀bu. Wọ́n pín tiwọn náà: "rotten eggs", "sour milk", "stale bread", bọ́tà tàbí òróró tó ti ń rùn, "rancid". "The bread was stale and the milk had gone sour." Ẹni tó bá ní "stale eggs" kò pa èèyàn, àmọ́ á dà bíi pé ẹyin ọ̀bu ni mo ní ó ti bu. Èmi ò kàwé púpọ̀ o, rédíò BBC ni mo fi mọ gbogbo èyí.

Akin_Dátà:

Ìyá Ìbejì, ẹ kàwé ju èmi lọ 😂 goloto pa mí.

Ọmọ_Ìlárá, èmi máa fi irinṣẹ́ kún un, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Tí àbúrò yín bá ń ṣiyèméjì láàárín méjì, kó lọ sí Google Books Ngram Viewer, kó tẹ "strong tea, powerful tea" síbẹ̀, àmì kọ́mà ló máa fi pín wọn, á rí ilà tó fi hàn bí ìwé ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn. "Powerful tea" fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, bẹ́ẹ̀ "powerful engine" wà rẹpẹtẹ. Ó tún lè yàn án láti wo British English lọ́tọ̀, American lọ́tọ̀, kó fi "take a decision" tí Tísà sọ dán an wò. Tó bá fẹ́ rí gbólóhùn gidi, COCA ni, òun ni àkójọ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tó ní ọ̀rọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan, látinú ìwé ìròyìn, tẹlifíṣọ̀n àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. BNC ni ti Britain, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Á tẹ orúkọ nǹkan, á wo ìṣe tó ń ṣáájú ẹ̀. Dikiṣọ́nárì tó jẹ́ collocation nìkan náà wà, ti Oxford jáde ní 2002, wọ́n tún un ṣe ní 2009, àmọ́ tí dátà bá wà lórí fóònù, kò dìgbà tó bá rà á.

Àmọ́ ṣá o, kó má lo Google lásán láti kà á pé èyí pọ̀ ju èyí. Ohunkóhun téèyàn bá tẹ̀ síbẹ̀ ló máa bá ẹni tó kọ ọ́.

Ọmọ_Ìlárá:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́, mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí i létí lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín goloto títí di ìsinsìnyí. Ó kọ gbólóhùn wọ̀nyí, ó ní kí Tísà bá òun wò wọ́n:

"The old man made a full recovery after the surgery." "I made an appointment with the dentist for Monday, but I couldn't keep it." "It was raining heavily, so we took a taxi." "There was heavy traffic and strong wind on the bridge." "In my final year I made a research about malaria." "My matron gave me many good advices."

Ó tún ní kí n bèèrè pé ṣé "heavy" náà ló wà fún ẹni tó ń mu sìgá gan-an.

Tísà_Òkè_Àdó:

Mẹ́rin àkọ́kọ́ dáa púpọ̀, "keep" tó fi sí appointment yẹn wù mí gan-an, wíìnd nìkan ni kó sọ di "strong winds". Karùn-ún: "I did some research on malaria in my final year." Kì í "make" ẹ̀, "do" ni, tàbí "carry out" tó bá fẹ́ kó dún bíi ti ọ̀mọ̀wé, kò sì sí "a" níwájú ẹ̀ torí wọn kì í ka research ní oókan eéjì. "On" tàbí "into" ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Advice náà ò ṣeé kà: "My matron gave me a lot of good advice." Tó bá ṣe ohun tí mẹ́tírọ́ọ̀nù sọ, "I took her advice", tí kò bá ṣe é, "I ignored it."

Bẹ́ẹ̀ ni, "a heavy smoker". "Heavy drinker" náà wà, "heavy sleeper" náà. Àmọ́ ẹni tó ń jẹun gan-an, "a big eater" ni wọ́n ń pè é. Lọ́la kó mú "risk", "attention" àti "responsibility", kó wá ìṣe tó ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn, kó fi gbólóhùn méjìméjì ránṣẹ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni kó bá wa máàkì "risk", torí nínú wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń sọ ọ́ jù.